Ẹ̀dá Ìtàn Tó Lágbára Jù: Ta Ni Agbára Náà Wà Fún?

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast ní Amẹ́ríkà gbé ìwé òfin tuntun jáde fún àwọn òṣèré Dungeons & Dragons, eré tó pé àádọ́ta ọdún ní ọdún náà gan-an. Ìwé náà kò tíì tutù lọ́wọ́ tí ọ̀pọ̀ ti ń tú u wò láti wá ibi tí agbára pamọ́ sí. Iṣẹ́ wo ló lè pa ọ̀tá yá jù? Ẹ̀bùn wo ni wọ́n ti bù kù? Ọfọ̀ méjì wo ni ènìyàn lè so pọ̀ tí ọ̀tá kò fi ní lè gbéra nílẹ̀? Bí ìbéèrè wọ̀nyí ṣe ń jáde ni àríyànjiyàn àtijọ́ kan tún sọjí: ẹni tó ń ṣírò bí ẹ̀dá tirẹ̀ yóò ṣe lágbára ju ti gbogbo ènìyàn lọ, ṣé eré ló ń ṣe ni, àbí ó ń ba eré jẹ́?

Fún ẹni tí kò tíì jókòó sídìí irú eré bẹ́ẹ̀ rí, àlàyé rẹ̀ kò le. Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò yí tábìlì kan ká. Ọ̀kan nínú wọn ni olùdarí: òun ló ń sọ bí ayé inú ìtàn ṣe rí, òun ló sì ń gbẹnu sọ fún àwọn ọ̀tá, àwọn ọlọ́jà, àwọn ọba àti àwọn abàmì ẹ̀dá tó wà níbẹ̀. Olúkúlùkù àwọn yòókù ní ẹ̀dá ìtàn kan tí ó ń gbé ìṣe rẹ̀ wọ̀: jagunjagun, onídán, àlùfáà, olè. Bí ẹ̀dá kan bá fẹ́ ṣe ohun tó ṣòro, ẹni tó ni ín yóò ju dáìsì olójú ogún, yóò fi agbára ẹ̀dá náà kún un, iye tó bá sì jáde ni yóò sọ bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é. Kò sí ẹni tó wá na ẹnì kejì nídìí tábìlì yìí. Ìrìn àjò kan náà ni gbogbo wọn jọ ń rìn, ewu kan náà ni wọ́n sì jọ ń dojú kọ.

Kí ìrìn àjò náà tó bẹ̀rẹ̀ ni olúkúlùkù ti ń to ẹ̀dá tirẹ̀ sórí ìwé. Ìwọ̀n mẹ́fà ni ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní: agbára ara, ìyára, ìfaradà, làákàyè, ọgbọ́n àti ìfanimọ́ra. Ọ̀nà kan tí òfin ọdún 2014 àti ti ọdún 2024 fi àyè gbà ni pé kí òṣèré gba àmì 27, kí ó máa fi ra ìwọ̀n wọ̀nyí bí ọjà. Ìwọ̀n 8 kò ní kí ó san nǹkan kan. Ìwọ̀n 15, tó jẹ́ òpin ohun tí ó lè rà, yóò gba àmì 9. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé 15 mẹ́ta ni àmì 27 rà géérégé, tí mẹ́ta yòókù yóò sì wà ní 8. Iṣẹ́ jagunjagun kò fi bẹ́ẹ̀ nílò làákàyè. Kí ni òun yóò wá ná kọ́bọ̀ lé e lórí sí? Bí àgbẹ̀ ṣe ń pọ́n àdá kí ó tó wọ oko ni irú òṣèré bẹ́ẹ̀ ń pọ́n ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ kí ó tó wọ eré. Ó ń gbẹ́ ibi tí kò wúlò dànù, ó sì ń kó gbogbo mímú rẹ̀ sí ojú kan.

Àwọn tó kórìíra àṣà yìí ti ní orúkọ ẹ̀gàn fún un tipẹ́. Munchkin ni wọ́n ń pe òṣèré tí ojúkòkòrò agbára ti wọ̀ lẹ́wù, ilé-iṣẹ́ Steve Jackson Games sì sọ eré káàdì kan ní orúkọ yìí ní ọdún 2001 láti fi irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kàn án ni pé òǹkà ló fẹ́ràn, kò fẹ́ràn ìtàn. Pé bí wọ́n bá bi í ní orúkọ ìyá ẹ̀dá rẹ̀, yóò máa wojú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í ní iye ìpalára tí idà rẹ̀ lè ṣe, yóò kà á lórí bí ọmọ iléèwé ṣe ń ka ìlọ́po méjì.

Ẹ̀sùn yìí kò fìdí múlẹ̀ tó bí àwọn tó ń kà á ṣe rò. Ìmúrasílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tó sì mọ òfin kò jalè. Ohun tó yẹ kí wọ́n bi òṣèré bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó fẹ́ fi agbára náà ṣe nígbà tó bá dé ìdí tábìlì, àti ẹni tí agbára náà yóò ṣe láǹfààní. Ibẹ̀ ni rere àti búburú àṣà yìí ti pínyà.

Ó dára kí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré náà jáde ní ọdún 1974 láti ìlú Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta nínú páálí kan ni, ẹ̀dà 1,000 ni wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀. Kò sí ohun púpọ̀ láti pọ́n nígbà náà. Dáìsì mẹ́ta ni wọ́n ń jù fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ mẹ́ta péré ni òṣèré sì lè yàn nínú wọn: jagunjagun, onídán àti àlùfáà. Ohun tó bá jáde ni àyànmọ́. Bí wọ́n bá bí ẹ̀dá kan ní aláìlera, bí aláìlera ni yóò ṣe lo ayé rẹ̀, ọgbọ́n tí ẹni tó ni ín bá sì ní yóò hàn nínú ìpinnu rẹ̀ lójú eré: ìgbà tó yẹ kí ó jà, ìgbà tó yẹ kí ó bẹ̀bẹ̀, ìgbà tó yẹ kí ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Síbẹ̀, ebi agbára ti wà nílẹ̀ nígbà náà pẹ̀lú. Gygax ṣe ìrìn àjò kan tí ó pè ní Tomb of Horrors, èyí tí wọ́n lò níbi ìdíje Origins ní ọdún 1975, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1978. Ó ṣe é láti fi kọ́ àwọn òṣèré tó ń fọ́nnu pé kò sí ohun tó lè pa ẹ̀dá àwọn lọ́gbọ́n. Pańpẹ́ ló kún inú ibojì náà fọ́fọ́, àwọn ohun tí agbára idà kò lè ràn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni agbára òṣèré àti ìgbẹ̀san olùdarí ti ń lé ara wọn kiri, wọn kò sì tíì sinmi títí di òní.

Nígbà tí òfin wá sọ yíyan di ẹ̀tọ́ òṣèré, pípọ́n rí ilé gbé. Ní ọdún 1981, eré Champions, tó dá lórí àwọn akọni alágbára àràmàǹdà, fi àmì fún òṣèré láti fi ra gbogbo ohun tí ẹ̀dá rẹ̀ lè ṣe. Àmì rẹ̀ yóò tún pọ̀ sí i bí ó bá gba àìlera mọ́ ẹ̀dá rẹ̀: ọ̀tá tó ń lépa rẹ̀, ẹ̀jẹ́ tó dè é lọ́wọ́, ohun tó ń kó ìpayà bá a. Èrò rere ló wà nídìí òfin yìí, nítorí àìlera ni í mú kí ìtàn dùn. Ṣùgbọ́n ọlọgbọ́n oníṣirò kò ní pẹ́ rí àlàfo tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀rù òkun ń ba ẹ̀dá òun, nígbà tó mọ̀ pé aṣálẹ̀ ni gbogbo ìtàn náà yóò ti wáyé, ti ta ohun tí kò ní, ó sì ti gbowó rẹ̀.

Ní ọdún 2000 ni ọ̀rọ̀ náà wá di òwò. Wizards of the Coast ti ra ilé-iṣẹ́ tó ni Dungeons & Dragons ní ọdún 1997, Hasbro náà sì ti ra Wizards ní ọdún 1999. Eré káàdì Magic: The Gathering, tí Richard Garfield ṣe ní ọdún 1993, ni Wizards fi lówó lọ́wọ́. Nínú eré káàdì yẹn, káàdì kan máa ń lágbára ju èkejì lọ, apá kan adùn eré náà sì ni kí òṣèré fúnra rẹ̀ wá èyí tó dára rí. Monte Cook, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó darí iṣẹ́ lórí ẹ̀dà kẹta Dungeons & Dragons, kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ gbé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ wọ inú eré yìí. Ẹ̀bùn kan wà tí wọ́n pè ní Toughness, tó fi 3 péré kún ẹ̀mí ẹ̀dá. Ó lè ran onídán aláìlera lọ́wọ́ nínú eré alẹ́ ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúlò fún ẹni tí yóò lo ẹ̀dá rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Ìwé òfin kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mọ̀ yóò fò ó kọjá. Ẹni tí kò mọ̀ yóò yàn án, yóò sì máa ru ẹrù àṣìyàn náà kiri. Cook fúnra rẹ̀ gbà nígbà tó yá pé òun kò rí ọ̀nà yẹn bí ohun tó dára pátápátá mọ́.

Ibi tó yẹ kí ẹ̀bi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àwọn tó kọ òfin ló gbẹ́ kòtò sójú ọ̀nà, wọ́n sì ta àwòrán ilẹ̀ tó fi kòtò náà hàn fún ẹni tó bá lówó àti àkókò láti ka gbogbo ìwé. Lẹ́yìn àtúnṣe ọdún 2003, ìwé àfikún ń jáde léraléra, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ẹ̀bùn tuntun, iṣẹ́ tuntun àti ọfọ̀ tuntun nínú. Bí ilé-iṣẹ́ bá ń ta agbára ní ìwé kan sí òmíràn, kò yẹ kí ó yà á lẹ́nu pé àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wá agbára kiri. Ẹni tó bá fẹ́ bú òṣèré kó kọ́kọ́ yẹ ọjà náà wò.

Nínú òkìtì ìwé yẹn ni Pun-Pun ti jáde. Kobold ni ẹ̀dá yìí, ìyẹn abàmì ẹ̀dá kékeré tí jagunjagun tí kò tíì gbóná máa ń pa bí ẹní pa eṣinṣin. Àwọn oníṣirò so agbára kan tó jẹ́ ti ẹ̀yà Sarrukh, èyí tó wà nínú ìwé Serpent Kingdoms ti ọdún 2004, mọ́ àwọn òfin mìíràn títí tí Pun-Pun fi di ẹ̀dá tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ní òpin, tí kò sì sí agbára tí kò lè fún ara rẹ̀. Ohun tó yẹ kí àwọn alátakò kíyè sí ni pé àwọn tó ṣe é kò retí pé kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ sídìí tábìlì. Àlọ́ àpamọ̀ ni wọ́n fi òfin pa. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń tú rédíò palẹ̀ láti mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, ó sì ń fi ibi tí òfin ti jò han àwọn tó kọ ọ́.

Ìmọ̀ tó wà nínú pípọ́n kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín. Lábẹ́ òfin ọdún 2014, ẹ̀bùn kan wà fún jagunjagun tó ń lo ohun ìjà ńlá: kí ó tó ju dáìsì, ó lè gbà láti yọ 5 kúrò nínú iye tí yóò jáde, bí ó bá sì bá ọ̀tá, ìpalára rẹ̀ yóò fi 10 lé. Ṣé ó yẹ kí ó máa gbà á ní gbogbo ìgbà? Ìṣirò ló mọ̀ ọ́n. Jagunjagun ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ kan lè máa fi 5 kún dáìsì rẹ̀, kí idà ńlá rẹ̀ sì máa ṣe ìpalára 10 ní ìpíndọ́gba. Bí ìhámọ́ra ọ̀tá bá jẹ́ 15, ojú 11 nínú 20 tó wà lára dáìsì ni yóò jẹ́ kí ó bá a, ohun tí ó lè máa retí ní ìgbà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 5.5. Bí ó bá lo ẹ̀bùn náà, ojú 6 péré ló kù fún un, ṣùgbọ́n ìpalára ti di 20, ìrètí rẹ̀ sì di 6. Ó jèrè. Bí ìhámọ́ra ọ̀tá bá jẹ́ 18, ìrètí rẹ̀ láìlo ẹ̀bùn náà jẹ́ 4; bí ó bá lò ó, yóò já sí 3. Ó pàdánù. Ẹni tó mọ èyí mọ ìgbà tó yẹ kí ó fi ìwàǹwára jà àti ìgbà tó yẹ kí ó ṣe sùúrù. Jagunjagun tòótọ́ pàápàá a máa ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ lójú ogun.

Bákan náà ni kò sí òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ pé ẹni tó mọ ìṣirò kò lè mọ ìtàn. Ọwọ́ kan náà lè di gègé mú kí ó sì di dáìsì mú. Jagunjagun tí làákàyè rẹ̀ jẹ́ 8 lè di ẹ̀dá tí gbogbo ènìyàn kò ní gbàgbé, bí ẹni tó ni ín bá jẹ́ kí àìmọ̀ náà hàn: kí ó fọwọ́ sí àdéhùn tí kò lè kà, kí ó gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́tàn gbọ́, kí ó bẹ onídán pé kí ó ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbà tí àbùkù bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí òṣèré bá fi làákàyè ra agbára ara, tó tún wá ń gbèrò bí ọ̀jọ̀gbọ́n nígbà tí ìtàn dé ibi àdìtú. Ó ti jẹ iṣu, ó tún fẹ́ kí iṣu náà wà nínú abà. Ẹni tó gba owó àìlera gbọ́dọ̀ jẹ́ aláìlera níbi tí ó ti gbowó.

Ẹ̀dùn ọkàn tó ga jù wà lórí àkókò. Eré alẹ́ kan lè gba wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àwọn tó jókòó yí tábìlì ká sì ti fi iṣẹ́, ọmọ àti oorun sílẹ̀ kí wọ́n tó lè wá. Bí ẹnì kan bá pọ́n ẹ̀dá rẹ̀ títí tó fi lè pa gbogbo ọ̀tá kí ó tó kan ẹlòmíràn, àwọn mẹ́ta yòókù ti di òǹwòran nínú ìtàn tó yẹ kó jẹ́ tiwọn pẹ̀lú. Olùdarí náà á sì há sáàárín. Bí ó bá fi ọ̀tá sí ìwọ̀n àwọn yòókù, ogun náà á parí kí wọ́n tó fẹ́ná sí àtùpà. Bí ó bá fi ọ̀tá sí ìwọ̀n alágbára yìí, ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo tó bá ta lé olè tàbí àlùfáà lórí lè rán an lọ sọ́run. Ẹni tí kò pọ́n nǹkan kan ló ń san gbèsè mímú idà ẹlòmíràn.

Kì í sì í ṣe ojú ogun nìkan ni wọ́n ti ń gba ìpín oníìpín. Nínú òfin ọdún 2014, iṣẹ́ mẹ́rin ló gbára lé ìfanimọ́ra: paladin, bard, sorcerer àti warlock. Nítorí pé ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń lò, ó rọrùn fún òṣèré láti po méjì nínú wọn pọ̀. Nígbà tí ìwé Xanathar's Guide to Everything sì jáde ní ọdún 2017, ẹ̀ka warlock kan tó ń jẹ́ Hexblade jẹ́ kí ènìyàn lè fi ìfanimọ́ra kan náà ju idà. Láti ìgbà náà ni ẹnì kan ti lè jẹ́ ẹni tó mọ ogun jà jù, kí ó sì tún jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ ọba létí jù. Olùbánisọ̀rọ̀ dé ààfin, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Jagunjagun dé pápá, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ìlànà tó gbé ẹgbẹ́ arìnrìn àjò ró nìyẹn. Ẹ̀dá tí ọwọ́ rẹ̀ tó pẹpẹ tó sì wọ kèrègbè kò nílò ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà kò sì ní pẹ́ mọ̀ pé òun kò wúlò.

Àwọn tó ń ta ayò ọlọ́pọ́n ti mọ irú ìṣòro yìí tipẹ́. Nídìí ayò, ọ̀ta ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, ọ̀pè ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó ń bínú sí ọ̀ta nítorí pé ó mọ iye ọmọ tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ilé alátakò bá ṣófo, òfin ayò ní kí ẹni tí ọmọ kù sí lọ́wọ́ ta èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, bí ó bá ṣeé ṣe, kí eré lè máa bá a lọ. Eré tí ènìyàn méjì fi ń borí ara wọn ni ayò, síbẹ̀ ó fi dandan lé e pé kí alágbára má ṣe sé alátakò rẹ̀ mọ́ ebi. Mélòó mélòó wá ni eré tí gbogbo ènìyàn jọ wà ní ẹgbẹ́ kan náà!

Òfin tuntun ọdún 2024 ti gbìyànjú láti pa díẹ̀ nínú iná náà. Ẹ̀bùn ohun ìjà ńlá tí a ṣírò lókè kò fi àyè gba yíyọ 5 fún àfikún 10 mọ́. Paladin tó máa ń da ìmọ́lẹ̀ ọ̀run bo ọ̀tá léraléra nígbà kan ṣoṣo kò lè ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ mọ́ ní ìgbà tó bá kàn án. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn kan ni wọ́n ṣí òmíràn: fífi ìfanimọ́ra ju idà ti di ohun tí warlock èyíkéyìí lè yàn láti ìpele kìn-ín-ní. Ìwé àwọn olùdarí tó tẹ̀ lé e ní ọdún kan náà sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní òfin eré kì í ṣe òfin bí ayé tòótọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, àti pé inú rere ni ó yẹ kí ènìyàn fi túmọ̀ rẹ̀. Ó mẹ́nu kan ọgbọ́n àwọn tó máa ń to ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù sí ìlà kan kí wọ́n lè máa na ohun kan síra wọn títí tí yóò fi rin ọ̀nà jíjìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà péré. Nípa kíkọ èyí, àwọn aṣòfin náà jẹ́wọ́ pé kò sí òfin tí ọlọgbọ́n kò lè rí àyè yọ́ gbà. Ohun tó kù wà lọ́wọ́ àwọn tó jókòó sídìí tábìlì.

Ọ̀nà tí agbára lè gbà di ọrọ̀ gbogbo ẹgbẹ́ sì wà, ìṣirò kan náà ló sì ń fi í hàn. Àlùfáà ìpele kìn-ín-ní lè lo ọfọ̀ ìbùkún tí wọ́n ń pè ní Bless lórí ènìyàn mẹ́ta. Ẹni kọ̀ọ̀kan nínú wọn yóò máa ju dáìsì olójú mẹ́rin kún dáìsì ńlá tó bá jù láti kọlu ọ̀tá. Ìpíndọ́gba dáìsì kékeré yìí jẹ́ 2.5, ojú kọ̀ọ̀kan dáìsì ńlá sì jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó máa ń bá ọ̀tá nígbà 55 nínú ọgọ́rùn-ún á wá máa bá a nígbà 67 ó lé díẹ̀, ènìyàn mẹ́ta ni èyí sì ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Àlùfáà tó pọ́n ẹ̀dá rẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò kéré sí ẹni tó pọ́n idà. Nígbà tí jagunjagun bá bẹ́ orí ọ̀tá, gbogbo tábìlì yóò hó yèè, àlùfáà náà yóò sì mọ̀ pé ọwọ́ òun wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ó tọ́ kí àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò tuntun kọ́kọ́ jókòó sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ òǹkà sílẹ̀. Bí gbogbo wọn bá fẹ́ eré tó le, kí gbogbo wọn pọ́n, kí olùdarí náà sì pọ́n àwọn ọ̀tá. Bí wọ́n bá fẹ́ ìtàn tó rọra ń lọ, kí ẹni tó mọ òfin jù dín mímú rẹ̀ kù, tàbí kí ó kọjú rẹ̀ sí iṣẹ́ ìrànwọ́. Bí ọ̀pè bá wà láàárín wọn, ọ̀ta ló yẹ kó bá a to ẹ̀dá rẹ̀, kí ó fi kòtò tó wà nínú ìwé hàn án, kí ó sì jẹ́ kí ó yan ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́. Ojúṣe olùdarí ni láti rí i pé ìṣúra tó tẹ̀ lé e bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù. Ti àwọn aṣòfin sì ni láti sọ òtítọ́ sínú ìwé tí wọ́n ń tà: kí wọ́n kọ ohun tí yíyàn kọ̀ọ̀kan wúlò fún àti ohun tí kò wúlò fún, kí ẹni tó ra ìwé kan ṣoṣo má bàa di ẹran ìjẹ fún ẹni tó ra ogún.

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹ̀dá tó lágbára jù lọ nídìí tábìlì kan ṣì nílò ẹni tí yóò sọ ìtàn fún un, ẹni tí yóò gbà á là nígbà tí dáìsì bá kọ̀ fún un, àti ẹni tí yóò rántí ìṣẹ́gun rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Bí àwọn wọ̀nyí bá rẹ̀wẹ̀sì, tí wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí pé kò sí ohun tó kù fún wọn láti ṣe, ẹni tó ṣẹ́ kù yóò di òǹkà rẹ̀ mú ṣinṣin lórí àga, kò sì ní sí ẹni tí yóò bá a ṣeré.